Christy Ring: Àgbà Ọ̀jẹ̀ Eléré Hurling Ilẹ̀ Ireland

Orúkọ ní kíkún: Nicholas Christopher Michael Ring
Ọjọ́ ìbí: 30 Oṣù Kẹwàá, 1920, ní Cloyne, ìpínlẹ̀ Cork
Ọjọ́ ikú: 2 Oṣù Kẹta, 1979, ní ìlú Cork
Ẹgbẹ́ àdúgbò: Glen Rovers
Ikọ̀ àgbà Cork: láti 1939 títí wọ inú àwọn ọdún 1960
Ife ẹ̀yẹ gbogbo Ireland: 8

Bí wọ́n bá ń dárúkọ àwọn tó mọ hurling gbá jù lọ láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbá a, orúkọ Christy Ring kì í pẹ́ jáde lẹ́nu àwọn ará Ireland. Nínú eré yìí, ènìyàn 15 ló wà nínú ikọ̀ kọ̀ọ̀kan. Igi pẹrẹsẹ ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré tí wọ́n fi awọ bò. Bí bọ́ọ̀lù bá wọ inú àwọ̀n, góòlù nìyẹn, àmì 3 sì ni. Bó bá gba òkè ọ̀pá ìdábùú kọjá láàárín òpó méjèèjì, àmì 1 ni. Nítorí náà, bí a bá kọ 7-5, góòlù 7 àti àmì 5 là ń wí, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 26.

Kò sí owó oṣù fún ẹni tó ń gbá hurling. Ọkọ̀ epo ni Ring ń wà jẹun, síbẹ̀ ó lé ní ogún ọdún tó fi wọ aṣọ pupa Cork. Ìforítì yìí ló jẹ́ kí ìtàn rẹ̀ yẹ ní kíkà fún ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ kan dójú àmì.

Ìgbà ọ̀dọ́

Ọdún 1939 ló dara pọ̀ mọ́ ikọ̀ àgbà Cork. Láti 1941 sí 1944, Cork gba ife gbogbo Ireland lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra, Ring sì wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tó di 1946, òun ni balógun ikọ̀. Nínú àṣekágbá pẹ̀lú Kilkenny, nígbà tí ìdajì àkọ́kọ́ ń parí lọ, ó gba bọ́ọ̀lù jìnnà sójú ilé, ó gbé e lé orí igi rẹ̀, ó sì ń sáré lọ láìjẹ́ kó já bọ́. Ó gba àárín àwọn tó fẹ́ dí i lọ́nà kọjá, ó sì gbá a sínú àwọ̀n. Àwọn ará Cork kò gbàgbé góòlù yẹn.

Ìgbà tó gbó

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan tí Tipperary fi fàgbà han Cork, ikọ̀ Ring tún gba ife ní 1952, 1953 àti 1954. Òun ni balógun nínú méjì tó kẹ́yìn, ó sì di ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe balógun ikọ̀ tó gba ife náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ènìyàn 84,856 ló wá wo àṣekágbá 1954 ní Croke Park, ní Dublin.

Èsì àṣekágbá tó fún un ní ife 8

1941: Cork 5-11, Dublin 0-6
1942: Cork 2-14, Dublin 3-4
1943: Cork 5-16, Antrim 0-4
1944: Cork 2-13, Dublin 1-2
1946: Cork 7-5, Kilkenny 3-8
1952: Cork 2-14, Dublin 0-7
1953: Cork 3-3, Galway 0-8
1954: Cork 1-9, Wexford 1-6

Ọdún 1956

Ẹni ọdún 35 ni Ring ní ọdún yìí. Nínú àṣekágbá ẹkùn Munster, apá Limerick ni eré ń tẹ̀ sí títí ó fi kù díẹ̀ kó parí. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, Ring nìkan gbá góòlù 3 wọlé, Cork sì borí.

Ní àṣekágbá gbogbo Ireland, Wexford ni wọ́n bá pàdé. Eré ti ń lọ sópin nígbà tí Ring yin bọ́ọ̀lù kan tó le, ṣùgbọ́n Art Foley, aṣọ́lé Wexford, dá a dúró. Ring bọ Foley lọ́wọ́ láti kí i. Wexford ló gba ife lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú 2-14 sí 2-8. Nígbà tí eré parí, Nick O'Donnell àti Bobby Rackard, àwọn tó ṣẹ́gun rẹ̀, gbé Ring sí èjìká kúrò lórí pápá. Kí ará ilé ẹni yìn wá kò tó nǹkan. Ìyìn tó ti ẹnu alátakò wá ló ṣòro rí gbà.

Lẹ́yìn náà

Ó ti ń sún mọ́ ẹni ogójì ọdún nígbà tí wọ́n yàn án ní eléré hurling tó ta yọ jù lọ ní 1959. Ní Glen Rovers, ó gba ife ìpínlẹ̀ Cork lẹ́ẹ̀mẹrìnlá, èyí tó kẹ́yìn ní 1967. Láti 1976 sí 1978, ó wà lára àwọn tó ń yan ikọ̀ Cork, ikọ̀ náà sì gba ife gbogbo Ireland ní ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nígbà tó kú, Jack Lynch, olórí ìjọba Ireland, tó ti bá a gbá eré ní Glen Rovers àti Cork, ló sọ̀rọ̀ ìdágbére lẹ́bàá ibojì rẹ̀ ní Cloyne. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá Páirc Uí Rinn ní Cork, àti ìdíje Christy Ring Cup tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005.

John Doyle ti Tipperary bá a dọ́gba pẹ̀lú ife 8 ní 1965. Henry Shefflin ti Kilkenny sì gba ìkẹwàá tirẹ̀ ní 2014. Ṣùgbọ́n nínú Railway Cup, ìdíje àwọn ẹkùn ńlá mẹ́rin ilẹ̀ náà, ìgbà 18 ni Ring gba ife pẹ̀lú Munster, kò sì sí eléré hurling mìíràn tó gbà á tó bẹ́ẹ̀.