Ká Fi Ọmọ Ogun Kún Un ni, Tàbí Ká Kó Wọn Wálé? Ẹ̀kọ́ Tí Ogun Málì Kọ́ Wa

Ní ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní, nígbà tí ìjọba Faransé ń kó àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Dahomey lọ sójú ogun, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Kétu àti agbègbè rẹ̀ di ẹrù wọn, wọ́n sì sọdá ààlà lọ sí apá ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Ìkónilọ́mọ yìí wà lára ohun tó mú kí àwọn ará Ọ̀họ̀rí gbé ohun ìjà sí ìjọba. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju kọ nípa ìgbà náà nínú ìwé rẹ̀, Western Yorubaland under European Rule, tí ó jáde ní 1976. Ohun tó bí àwọn baba wa nínú kò ṣòroó mọ̀. Wọn kò dá ogun náà sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gba ìmọ̀ràn wọn, wọn kò sì mọ ìgbà tí ọmọ wọn yóò padà.

Lónìí, a ti gba òmìnira, àwọn ọmọ wa tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun sì ń lọ sí ilẹ̀ òkèèrè lábẹ́ àsíá orílẹ̀-èdè tiwa. Síbẹ̀ ìbéèrè àtijọ́ kò tíì kúrò nílẹ̀. Bí ogun bá ń jà nílé ẹlòmíràn, tí wọ́n sì ké sí wa, mélòó ni kí a rán? Bí iṣẹ́ náà bá sì le ju bí a ti rò lọ, ṣé kí a fi kún wọn ni, tàbí kí a kó wọn wálé? Ogun Málì ni a fẹ́ fi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, nítorí pé àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà níbẹ̀.

Ní 2012, àwọn ẹgbẹ́ adìhámọ́ra gba gbogbo àríwá Málì. Ní January 2013, àwọn ọmọ ogun Faransé wọ ibẹ̀ nígbà tí ìjọba Málì ké pè wọ́n, àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì rán tiwọn. Ní April ọdún náà, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá MINUSMA sílẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i pé kí ọmọ ogun tó tó 11,200 lọ síbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni gbogbo wa mọ̀ sí casques bleus.

Ìdí tó dára wà fún lílọ wọn. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Burkina Faso àti Niger nìkan ló là wá láàrin Málì. Ẹni tó bá ní ogun náà kò kàn wá nígbà náà, kò wo àwòrán ilẹ̀ dáadáa.

Nígbà tí nǹkan kò dẹ̀, wọ́n fi kún un. Ní June 2016, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé iye ọmọ ogun MINUSMA sókè sí 13,289. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020, lẹ́yìn ìpàdé tí wọ́n ṣe nílùú Pau, Faransé náà fi 600 kún 4,500 tó ní káàkiri Sahel. Ìrètí àwọn tó fi kún un yé wa. Málì tóbi ju ìlọ́po méjì ilẹ̀ Faransé lọ, ọ̀nà ibẹ̀ jìn, abúlé tí kò rí ẹ̀ṣọ́ kankan sì pọ̀ lọ jàra. Ṣùgbọ́n iye nìkan kọ́ ni ìṣòro náà. Wọn kò rán MINUSMA láti lépa àwọn apániláyà. Ààbò ará ìlú àti àdéhùn àlàáfíà ni iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Ará ìlú tí wọ́n ń pa rò pé jagunjagun ló wá gba òun sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n rán sí i. Láti inú àṣìyé yìí ni ìbínú ti bẹ̀rẹ̀, a kò sì lè fi ọgọ́rùn-ún mẹ́fà ọmọ ogun wo àṣìyé sàn.

Àwọn tó san owó rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ 8 oṣù December 2021, àwọn ọmọ ogun Tógò ń tẹ̀ lé ọkọ̀ ẹrù láti Douentza lọ sí Sévaré nígbà tí bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ bú gbàù. Méje kú nínú wọn. Nínú ọdún mẹ́wàá tí MINUSMA fi wà ní Málì, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó kú lé ní 300.

Lẹ́yìn náà ni ìpadàsílé dé. Ọmọ ogun Faransé tó kẹ́yìn kúrò ní Málì ní August 2022. Ní June 2023, ìjọba ológun Málì ní kí MINUSMA náà máa lọ láìjáfara, wọ́n sì fún un di ìparí December. Ní Kidal, wọ́n jáde ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá nítorí ewu, bọ́ǹbù sì ṣe ọ̀pọ̀ wọn léṣe lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá rò pé ìpadàsílé rọrùn ju ìlọ lọ, kó rántí ìrìnàjò yẹn.

Ogun náà kò sì parí. Kódà, kí wọ́n tó jáde ni ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní May 2022, ọmọ ogun Tógò mẹ́jọ kú ní Kpendjal, nínú ilé ara wọn. Ní ọjọ́ 17 oṣù April 2025, ọmọ ogun Bẹ̀nẹ̀ 54 kú ní Alibori, létí ààlà. Ẹgbẹ́ JNIM, tí ó gbilẹ̀ láti Málì, ni ó ní òun ló ṣe é.

Kí ni àwa wá rí sí i? Àwa gbà pé ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kó ṣáájú iye. Èkíní: ṣé onílé ló pè wá, ṣé ó sì ṣì ń fẹ́ wa? Bí onílé bá ti ní kí àlejò máa lọ, ọmọ ogun tí a bá fi kún un di ẹran ìdẹ. Èkejì: iṣẹ́ wo gan-an ni, báwo la ó sì ṣe mọ̀ pé ó parí? Iṣẹ́ tí a kò lè dárúkọ rẹ̀ ní gbólóhùn kan kò ní lópin. Ẹ̀kẹta: ta ni ń ṣọ́ ilé? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. A kò lè kó ọmọ ogun ránṣẹ́ sí òkèèrè kí àgbẹ̀ Alibori àti ti Savanes máa sùn nínú ìbẹ̀rù.

Bí kò bá sí ìdáhùn tó yè kooro sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwa wà lẹ́yìn ìpadàsílé. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ìpadàsílé tí a fètò sí, tí a sọ ọjọ́ rẹ̀ fún ará ìlú tí a ń fi sílẹ̀, tí a sì ti múra ààlà tiwa sílẹ̀ kó tó dé. Ogun àsọtẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Ohun kan tún kù, òun ló sì sún mọ́ wa jù lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ronú àtiwọ iṣẹ́ ológun, a kò ní kí ẹ má ṣe é. Iṣẹ́ iyì ni. Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn aṣòfin wa ni pé, kí ọmọ ogun kan tó sọdá ààlà, kí wọ́n jíròrò ọ̀rọ̀ náà ní gbangba, kí ìyá rẹ̀ ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Atakpamé lè mọ ibi tí ó ń lọ, ohun tí ó lọ ṣe, àti ìgbà tí yóò dé. Wọn kò sọ ọ́ fún àwọn baba wa. Ó tó kí wọ́n sọ ọ́ fún wa.