Ẹni tó yẹ mọ́tò wò náà ló fẹ́ tún un ṣe

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, àbúrò wa obìnrin kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù pè wá lórí WhatsApp. Ọmọ Kétu ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń wẹ àwọn arúgbó, ó ń fún wọn ní oúnjẹ àti oògùn. Bí kò bá sí mọ́tò, kò sí iṣẹ́. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ilé o. Mo gbé mọ́tò lọ fún MOT, wọ́n ní kò yege. Wọ́n ní kí n pààrọ̀ taya méjì, bíréèkì iwájú àti àwọn ṣọ́kì ẹ̀yìn. £620 ni wọ́n pè é. Ṣé kí n san án?"

Ẹ wo owó náà: ó lé ní 400.000 sẹ́fà. Ìdánwò tó torí rẹ̀ gbé mọ́tò lọ kò sì ju £35 lọ.

Kì í ṣe òun nìkan ni irú ọ̀rọ̀ yìí ń bá. Àwọn ará wa tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń ráhùn pé mọ́tò tó gbé àwọn délé láìsí wàhálà lánàá, bó bá ti dé gáráàjì ìdánwò, àìsàn rẹ̀ á di mẹ́fà. Ìdí nìyẹn tí a fi ní ká tú ọ̀rọ̀ náà wò.

Ọdún 1960 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ìdánwò yìí. Orúkọ ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìrìnnà nígbà náà, Ministry of Transport, ni wọ́n gé kúrú sí MOT. Mọ́tò tó ti lo ọdún 10 ni wọ́n kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò. Lónìí, bí mọ́tò bá ti pé ọdún 3, ọdọọdún ni. Ẹni tí kò bá ní ìwé náà kò gbọdọ̀ wa mọ́tò rẹ̀ sójú títì, àfi bó bá ń gbé e lọ síbi ìdánwò tó ti gba àyè sí, tàbí sọ́dọ̀ ẹni tí yóò tún un ṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ rèé. Gáráàjì aládàáni tí ìjọba fún láṣẹ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìdánwò náà, gáráàjì yìí kan náà ló sì ń tún mọ́tò ṣe. Ìjọba ti fi òdiwọ̀n sí owó ìdánwò: fún mọ́tò ilé, kò gbọdọ̀ ju £54.85 lọ. Ọ̀pọ̀ gáráàjì tiẹ̀ ń gbà tó kéré sí i kí oníbàárà lè wọlé. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ san owó ilé, owó ẹ̀rọ àti owó òṣìṣẹ́. Níbo wá ni èrè yóò ti jáde? Inú àtúnṣe ni. A kò sọ pé olè ni gbogbo wọn o. Mẹkáníìkì olóòótọ́ pọ̀ nínú wọn, ìjọba sì ní ilé iṣẹ́ kan, DVSA, tó ń ṣọ́ wọn, tó sì lè gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣe màgòmágó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá àléébù, tó tún ń ta àtúnṣe rẹ̀, kò sí bí aráyé kò ṣe ní fura sí i.

Àwọn Faransé rí èyí, wọ́n sì ya ọ̀nà méjèèjì sọ́tọ̀. Láti ọdún 1992 tí contrôle technique ti di dandan lọ́dọ̀ wọn, ibi tí wọ́n ti ń yẹ mọ́tò wò kò gbọdọ̀ tún un ṣe. Ní Northern Ireland, ìjọba fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ìdánwò náà, kì í sì í ta taya fún ẹnikẹ́ni. Níbí náà, ẹni tó bá ti lọ ṣe visite technique mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni mẹkáníìkì rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń fún un ní ìwé. Ìráhùn tiwa wà níbòmíràn. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ lónìí.

A bi àbúrò wa pé: "Kí ni wọ́n kọ sínú ìwé?" Kò tíì kà á. Ẹnu ni wọ́n fi ka £620 fún un, ẹ̀rù sì ti bà á.

Láti oṣù karùn-ún ọdún 2018, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi ń to àléébù. Dangerous ni èyí tó léwu débi pé mọ́tò kò gbọdọ̀ rìn rárá. Major ni èyí tí kò jẹ́ kó yege. Minor kò dí ìwé lọ́wọ́. Advisory ìmọ̀ràn lásán ni: ẹ máa ṣọ́ ibí yìí, ó ń gbó lọ.

Nígbà tó kà á sí wa létí, taya kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ major, nítorí ojú rẹ̀ ti jẹ kọjá 1,6 mm tí òfin fàyè gbà. Taya kejì, bíréèkì àti ṣọ́kì, advisory ni gbogbo wọn. A kò lè sọ pé wọ́n parọ́: bíréèkì tó ń tín-ín-rín yóò gba pípààrọ̀ lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ fún un pé àwọn nǹkan wọ̀nyí ni kò jẹ́ kó yege kò sọ ohun tó wà nínú ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Èyí la rò pé ó burú jù níbẹ̀.

Kò pọn dandan kó tún un ṣe lọ́dọ̀ wọn. Ìwé rẹ̀ ti àtijọ́ ṣì ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò sì sí dangerous nínú tuntun, nítorí náà ó gbé mọ́tò náà lọ tààrà sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta taya. Bó bá jẹ́ taya, iná tàbí wáípà ló fa àìyege, tí mọ́tò sì padà kí iṣẹ́ ọjọ́ kejì tó parí, ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa ń tún un yẹ̀ wò.

Ká ní ó gbà pé wọ́n rẹ́ òun jẹ lórí taya náà pàápàá, ìwé ẹ̀sùn wà tí wọ́n ń pè ní VT17, tí DVSA gbọ́dọ̀ rí láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 14. Wọn yóò tún mọ́tò náà yẹ̀ wò. Yóò san owó ìdánwò lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n á sì dá a padà tó bá jàre. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ tún ohun tó ń jà lé lórí ṣe ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ èyí. Wọ́n á ti tún un ṣe tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́.

Ìmọ̀ràn kan tún wà tí àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ máa ń fún àlejò: kí wọ́n wá gáráàjì ìjọba ìbílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń yẹ mọ́tò ìjọba fúnra rẹ̀ wò. Wọ́n gbọ́dọ̀ gba ti ará ìlú náà, bẹ́ẹ̀ wọn kì í sábà tún mọ́tò ará ìlú ṣe. Kò sí ohun tí wọn yóò jẹ nínú àìyege rẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè, àbúrò wa tún pè. Taya náà jẹ́ £58, mọ́tò ti yege. Ó ní òun ti lẹ ìwé náà mọ́ ara fíríìjì, òun sì ti ń tọ́jú £20 lọ́sẹ̀ fún bíréèkì.