Ọmọ Ológbò Aláìníyàá àti Àgbà Ológbò Inú Ilé: Bí Ìdílé Onígbàgbọ́ Ṣe Lè Mú Wọn Gbé Pọ̀ ní Àlàáfíà

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí lè pa àwọn kan lẹ́rìn-ín, ó sì lè ba àwọn mìíràn lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ ológbò ni.

Ẹni tí ó bá ń gbé Ọ̀tà tàbí Sàngó, yálà ní Ìjàkọ́, ní Ojú Ọ̀rẹ̀ tàbí lẹ́bàá òpópónà Ìdírókò, yóò ti bá ọmọ ológbò tí kò ní ìyá pàdé rí. Ní àwọn ìlú kan lókè òkun, ilé wà tí wọ́n ń kó irú ẹran bẹ́ẹ̀ sí, tí ìdílé lè lọ mú ọ̀kan níbẹ̀ láti tọ́. Ní àdúgbò tiwa, ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí àwọn ilé iṣẹ́, abẹ́ tábìlì ọjà àti ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ni ilé wọn. Ìyá wọn á bí wọn sáàárín páálí òfìfo, ọkọ̀ akẹ́rù á sì tẹ ìyá náà pa. Nígbà tí ó bá di ọjọ́ kejì, àwọn òṣìṣẹ́ á máa gbọ́ igbe tín-ín-rín. Lẹ́yìn náà ni ọmọ kan á gbé ọ̀kan wálé nínú báàgì ilé ìwé, á sì wí pé, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tọ́jú rẹ̀.”

Kí ni kí òbí onígbàgbọ́ ṣe? Bí ológbò àgbà kan bá sì ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀ ńkọ́?

ÌBẸ̀RÙ TÍ Ó WÀ LÁÀÁRÍN WA

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa. Ọ̀tà jẹ́ ìlú Àwórì àtayébáyé, orúkọ rẹ̀ sì ti ń jẹ yọ nínú ìtàn àjẹ́ láti ìgbà àwọn baba ńlá wa. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí wọ́n ń jó ní ilẹ̀ yìí àti ní Kétu, àwọn tí a ń pè ní ìyá wa ni wọ́n fi ń tù lójú. Ẹni tí a fi irú ìtàn bẹ́ẹ̀ tọ́ dàgbà, bí ó bá gbọ́ igbe ológbò ní aago 2 òru, àyà rẹ̀ á já. Nítorí ìbẹ̀rù yìí ni àwọn ènìyàn ṣe ń sọ ológbò lókò, tí wọ́n ń da omi gbígbóná sí i lára, tí àwọn mìíràn sì ń dáná sun ún.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1233, Póòpù Gregory Kẹsàn-án kọ ìwé kan nípa àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní ilẹ̀ Jámánì pé wọ́n ń bọ èṣù, ológbò dúdú sì wà nínú ẹ̀sùn náà.

Ṣùgbọ́n kí ni igbe òru yẹn gan-an? Abo ológbò tí ó ń wá akọ ni, tàbí akọ méjì tí wọ́n ń jà nítorí abo. Igbe náà a máa dún bí igbe ọmọ ọwọ́, kò sì sí ohun mìíràn nínú rẹ̀. Ojú rẹ̀ tí ń tàn nínú òkùnkùn ńkọ́? Awọ kan ni Ẹlẹ́dàá fi sí ẹ̀yìn ẹyinjú rẹ̀ tí ó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, kí ó lè ríran lóru. Ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù náà ní irú rẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sójú ewúrẹ́ lálẹ́ òní, ẹ ó rí i. Ta ni ó ti pe ewúrẹ́ ní àjẹ́ nítorí ìyẹn?

A kò sọ pé kò sí agbára òkùnkùn. Ó wà, a sì mọ Ẹni tí ó ti ṣẹ́gun rẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé kí onígbàgbọ́ má ṣe fi ẹ̀sùn kan ẹranko tí kò lẹ́nu láti fi wí ẹjọ́. Nínú ìwé 66 tí ó wà nínú Bíbélì tí a ń kà, a kò dárúkọ ológbò ilé níbì kan, débi tí a ó fi sọ pé Ọlọ́run fi í bú. Ohun tí a rí níbẹ̀ ni Jẹ́nẹ́sísì 1:25, níbi tí Ọlọ́run ti dá gbogbo ẹranko tí ó sì rí i pé ó dára, àti Òwe 12:10, tí ó kọ́ wa pé olódodo a máa ro ti ẹ̀mí ẹran ọ̀sìn rẹ̀.

Àwọn kan tí wọ́n gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ fi ṣe iṣẹ́. Ní ọdún 1824, àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ́nù, Arthur Broome, pe àwọn ènìyàn jọ láti dá ẹgbẹ́ tí yóò máa gbèjà ẹranko sílẹ̀. William Wilberforce, ẹni tí ó jà títí òwò ẹrú fi di ohun èèwọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára wọn. Ẹni tí àánú ẹrú ṣe, àánú ẹranko ṣe é pẹ̀lú.

ÌRÀNLỌ́WỌ́ TÍ OLÓGBÒ Ń ṢE

Àwọn àgbà ní bí ológbò bá kúrò nílé, ilé á di ilé èkúté. Àdúgbò tí ilé iṣẹ́ pọ̀ sí bíi tiwa, tí ọkọ̀ ń já àgbàdo, ìyẹ̀fun àti oúnjẹ adìyẹ, kò lè ṣàìní èkúté. Èkúté kì í sì í ṣe ohun eré. Ní ọdún 1969 ni a dá ibà Lásà mọ̀ ní ìlú Lassa ní Borno, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ irú eku kan sì ni ó ń kó o ran ènìyàn. Ológbò kò gba ipò ìdérí abọ́ àti ìmọ́tótó, ṣùgbọ́n olùrànlọ́wọ́ ni.

Ó sàn ju májèlé lọ pẹ̀lú. Ní ọdún 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré Sniper ní ọjà gbangba, nítorí ẹ̀mí tí ó ń bá a lọ. Ẹ má sì gbàgbé pé ológbò tí ó bá jẹ èkúté tí ó ti jẹ májèlé lè kú. A kì í lo méjèèjì pọ̀ nínú ilé kan.

ÀGBÀ OLÓGBÒ KÌ Í ṢE ÌKÀ

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù. Abo ológbò kan tí ó ti pé ọmọ ọdún 7 wà nínú ilé tiwa nígbà tí ọmọ wa ọkùnrin gbé ọmọ ológbò kan wálé láti ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń lọ oúnjẹ adìyẹ. Nígbà tí àgbà gbọ́ òórùn àlejò náà, irun ara rẹ̀ dìde, ó yọ eyín, ó fín, ó sì gun orí kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Kò sọ̀kalẹ̀ wá jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí pé, “Ìwọ, o burú o! Ṣé o kò rí i pé ọmọ kékeré ni?”

Ṣùgbọ́n kò burú. Ológbò jẹ́ ẹranko tí ó ní ààlà. Òórùn ni ó fi ń mọ ilé rẹ̀. Bí òórùn àjèjì bá dédé gba ilé kan, lójú tirẹ̀, wọ́n ti gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó mú wa rántí ẹ̀gbọ́n inú Lúùkù 15, tí ó dúró síta nígbà tí wọ́n ń ṣe àríyá fún àbúrò rẹ̀. Baba náà kò rán ẹnikẹ́ni láti lọ nà án. Òun fúnra rẹ̀ ni ó jáde lọ bá a, ó sì fi í lọ́kàn balẹ̀ pé ogún rẹ̀ kò yẹ̀. Ohun tí àgbà ológbò náà ń fẹ́ gbọ́ nìyẹn, ìwà wa ni a ó sì fi sọ ọ́ fún un.

Ìgbésẹ̀ tí a tẹ̀ lé nìyí, èyí tí àwọn dókítà ẹran náà máa ń gbà àwọn ènìyàn nímọ̀ràn lé lórí:

1. Ẹ fún àlejò ní ààyè tirẹ̀. Yàrá kan tí a lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ni ó dára jù. Ẹni tí ó ń gbé yàrá kan ṣoṣo lè lo ilé ìdáná tàbí ilé ìwẹ̀. Ẹ gbé omi, oúnjẹ, aṣọ àlòkù àti ike fífẹ̀ tí a bu yanrìn sí síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni kí ó lò níbẹ̀, kí àìsàn tí ó bá gbé wá lè fara hàn kí ó tó ran àgbà.

2. Ẹ jẹ́ kí imú wọn kọ́kọ́ pàdé. Ẹ fi aṣọ kan nu ọmọ náà lára, kí ẹ tẹ́ ẹ sí ẹ̀bá ibi tí àgbà ti ń jẹun. Ẹ fi òmíràn nu àgbà, kí ẹ gbé e fún ọmọ.

3. Ẹ bọ́ wọn ní ìhà méjèèjì ilẹ̀kùn kan náà. Bí àgbà kò bá fẹ́ sún mọ́ ọn, ẹ gbé abọ́ rẹ̀ jìnnà díẹ̀, kí ẹ máa sún un díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́.

4. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ara wọn láti ẹ̀yìn nẹ́ẹ̀tì tàbí àlàfo ilẹ̀kùn, fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

5. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pàdé lójúkojú, kí àgbàlagbà kan wà níbẹ̀. Bí àgbà bá fín, ẹ má nà án. Ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ, pé kí ọmọ mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Bí ó bá di ìjà gidi, ẹ ti páálí bọ àárín wọn. Ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

6. Ẹ má gba ipò àgbà. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ kí, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún, ibi gíga tí ó ń sùn sí kò gbọdọ̀ di ti ọmọ. Kí abọ́ wọn yàtọ̀. Kí ike yanrìn sì jẹ́ mẹ́ta fún ológbò méjì.

Ẹ má kánjú. Ó lè gba ọjọ́ díẹ̀, ó lè gba oṣù bíi mélòó kan. Nínú ilé tiwa, ní ọjọ́ kọkàndínlógún ni wọ́n jọ jẹun láìsí ilẹ̀kùn láàárín. Ó kù díẹ̀ kí oṣù mẹ́ta pé nígbà tí a jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí a bá àgbà tí ó ń fi ahọ́n la orí ọmọ. Àwọn ológbò kan kò ní í dé ibẹ̀ láéláé, wọn yóò kàn máa fara da ara wọn, ìyẹn náà sì jẹ́ àlàáfíà.

Ẹ̀yin òbí, a kò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ńlá ni Ọlọ́run fẹ́ fi èyí kọ́ àwọn ọmọ wa. Ẹ wo iye ilé tí a ti mú ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò tí òbí rẹ̀ kú wá láti abúlé, tí a ní kí ọmọ inú ilé fi bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ fún un lọ́jọ́ kan náà, tí a sì ń pè é ní aláìláàánú nígbà tí ó sunkún. Ẹni tí a kò bá gba ipò rẹ̀ ni ó rọrùn fún láti fi ààyè gba ẹlòmíràn.

ỌRỌ̀ ÌLERA

Ọmọ ológbò tí ó bá ti pé ọ̀sẹ̀ 8 ti tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, pàápàá sí àrùn kan tí ó ń fi èébì àti ìgbẹ́ gbuuru pa ọmọ ológbò kíákíá. A ó máa tún un gbà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12, kí ó gba ti àrùn dìgbòlugi, nítorí kì í ṣe ajá nìkan ni ó ń ní in. Kí ó lo oògùn aràn pẹ̀lú. Ẹ wá dókítà ẹran tí ó ní ìwé àṣẹ; ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì FUNAAB ní Alábàtà, Abẹ́òkúta. Bí ológbò tí ẹ kò mọ̀ bá gé ọmọ jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ẹ má fún un ní mílíìkì màlúù. Inú a máa ṣu ú. Ẹja tí a bọ̀ láìsí ata àti iyọ̀ dára. Kí aláboyún má ṣe kó ìgbẹ́ ológbò, nítorí kòkòrò kan wà níbẹ̀ tí ó lè pa ọmọ inú lára. Kí ẹlòmíràn máa kó o lójoojúmọ́.

Nígbà tí ó bá tó oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹ jẹ́ kí dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò ní í jẹ́ kí ó bímọ. Igbe òru tí ń dẹ́rù ba aládùúgbò yóò rọlẹ̀, ọmọ aláìníyàá kò sì ní í tún pọ̀ sí i lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí.

NÍPA ÀWỌN ARÁ ILÉ

Ẹ má fi ológbò bá ayálégbé ẹlẹgbẹ́ yín jà. Nígbà tí èkejì dé ọ̀dọ̀ wa, ìyá àgbà kan nínú ọgbà wa pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀kan ti tó o. Èwo ni ti méjì?” A dá wọn lóhùn pé, “Ẹ ṣé tí ẹ ń rò wá, Màmá. Ẹ jẹ́ ká jọ gbàdúrà lé e lórí, kí ẹ sì máa wò ó lójú ọ̀sán.” Wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì ń wò ó. Ní oṣù kejì lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn fúnra wọn ni wọ́n béèrè bóyá àgbà ológbò wa lè máa sùn nínú ṣọ́ọ̀bù wọn, nítorí èkúté ti lu àpò èlùbọ́ wọn.

Ará, ẹ̀mí ìbẹ̀rù kọ́ ni Ọlọ́run fún wa. Bí ọmọ yín bá gbé ohun aláìlágbára kan wálé lọ́la, bí ilé yín bá gbà á, ẹ má sọ ọ́ sígbó. Bí kò bá sì gbà á, ẹ bá a wá ilé tí yóò tọ́jú rẹ̀. Olúwa tí kò gbàgbé ológoṣẹ́ kan ṣoṣo yóò rántí yín àti ilé yín. Kò ní í gba ipò ẹni kankan nínú yín fún ẹlòmíràn, ààyè kò sì ní í há mọ́ yín, ní orúkọ Jésù. Àmín.