Ìbò Àkọ́kọ́ Kọ́ Ni Ìbò Ìkẹyìn

Nígbà tí ọdún ìdìbò bá dé ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìròyìn kan a máa gba orí rédíò àti ojú ìwé ìròyìn. Wọn a ní, "Lágbájá ti borí ní ìpínlẹ̀ báyìí." Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àwọn kan a ti máa sọ ẹni tí yóò di Ààrẹ, wọn a sì máa sọ ẹni tí kí ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ kí ó máa lọ sílé. Bẹ́ẹ̀, ìdìbò gan-an ṣì ku oṣù mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń fi ojú ara yín ka irú ìròyìn yìí báyìí. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kí á jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ni ìbò àkọ́kọ́ lè sọ fún wa? Kí ni kò lè sọ?

KÍ NI ÌDÌBÒ ABẸ́LÉ?

Ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá méjì ni ó wà ní Amẹ́ríkà: Democrat àti Republican. Ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń yan Ààrẹ, ní oṣù kọkànlá. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ náà tó pé, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní láti mú ẹnì kan ṣoṣo tí yóò fà kalẹ̀. Ènìyàn mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè máa du ipò náà nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Ìdìbò tí a fi ń ṣà wọ́n ni à ń pè ní ìdìbò abẹ́lé, nítorí pé láàárín ọmọ ilé kan náà ni.

Gbogbo ìpínlẹ̀ kì í dì í ní ọjọ́ kan. Ìpínlẹ̀ kan a dìbò lónìí, òmíràn a dìbò ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, títí yóò fi di oṣù kẹfà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní iye aṣojú tirẹ̀. Bí wọ́n bá ti dìbò tán, wọn a pín àwọn aṣojú náà fún àwọn tí ń du ipò, gẹ́gẹ́ bí èsì ìbò náà bá ti rí. Lẹ́yìn náà gbogbo aṣojú a pé jọ ní àpéjọ ńlá ẹgbẹ́. Ẹni tí ó bá ní ju ìdajì wọn lọ, òun ni ẹgbẹ́ yóò fà kalẹ̀.

New Hampshire, ìpínlẹ̀ kékeré kan ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn, ni ó ti ń ṣíwájú nínú ìdìbò abẹ́lé láti ọdún 1920. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ìpínlẹ̀ Iowa a ti pe ìpàdé àdúgbò tirẹ̀ ṣáájú, níbi tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń sọ ẹni tí wọ́n fẹ́. Ìpínlẹ̀ méjèèjì yìí ni ojú gbogbo ayé máa ń wà lára wọn.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ ỌDÚN 2020

Ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 2020, New Hampshire dìbò. Ẹgbẹ́ Democrat ń wá ẹni tí yóò kojú Ààrẹ Donald Trump. Nínú 100 ìbò, Bernie Sanders ní bí 26. Pete Buttigieg ní 24. Amy Klobuchar ní bí 20. Elizabeth Warren ní 9. Joe Biden, tí ó ti ṣe igbákejì Ààrẹ fún ọdún mẹ́jọ, ní 8 péré. Ipò karùn-ún ni ó wà. Ní Iowa, ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú, ipò kẹrin ni ó wà. Ó sì ti du ipò yìí lẹ́ẹ̀mejì rí kí ó tó di ìgbà yẹn, kò gba ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo.

Ni ẹnu bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ pé ti Biden ti tán. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ẹni méjì nínú àwọn tí ìbò wọn kéré jù ú lọ, Andrew Yang àti Michael Bennet, yọwọ́ kúrò nínú ìdíje.

Biden kò dúró kí wọ́n ka ìbò tán. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, ó wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó lọ sí South Carolina ní ìhà gúúsù. Ó rán àwọn ènìyàn létí níbẹ̀ pé àwọn ènìyàn dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò tíì dìbò. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tí omi ń gbé lọ. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

ṢÍBÍ KAN LÁTI INÚ ÌKÒKÒ

Ẹ wo ẹni tí ń se ọbẹ̀. Bí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá iyọ̀ tó, ṣíbí kan ti tó o láti tọ́ ọ wò. Kò dìgbà tí ó bá mu ìkòkò gbẹ. Ṣùgbọ́n kí ó tó bu ṣíbí kan yẹn, ó ní láti pò ó pọ̀ dáadáa. Bí iyọ̀ bá dì sí apá kan, ṣíbí tí ó bù láti apá kejì yóò tàn án jẹ.

Amẹ́ríkà jẹ́ ìkòkò tí a kò pò pọ̀. Ní New Hampshire, ènìyàn funfun ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àwọn tí ń gbé ibẹ̀. Ní South Carolina, ènìyàn dúdú ni ó ju ìdajì lọ nínú àwọn tí ó dìbò abẹ́lé Democrat ní 2020. Ohun tí ó ń dun ará ìhín lè má dun ará ọ̀hún. Ẹni tí ará ìhín mọ̀ lè jẹ́ àlejò lọ́dọ̀ ará ọ̀hún.

Ẹ tún jẹ́ kí á ṣe ìṣirò díẹ̀. Ní ọdún náà, aṣojú 3,979 ni ẹgbẹ́ Democrat yóò fi ìbò pín káàkiri. Ẹni tí ó bá ní 1,991 ni ó borí. Iowa ní 41. New Hampshire ní 24. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 65. Bí a bá pín 3,979 sí ọ̀nà 100, 65 kò tó ọ̀nà méjì. Ọ̀nà 98 ṣì wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn! Ta ni yóò rí àgbàdo nínú ebè méjì, tí yóò sì sọ iye tí òun yóò kó nínú oko ọgọ́rùn-ún ebè?

Ní ọjọ́ 29 oṣù kejì, ó kan South Carolina. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, James Clyburn, ènìyàn dúdú tí ó ti pẹ́ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tí àwọn ará ibẹ̀ sì bọ̀wọ̀ fún, ti sọ ní gbangba pé Biden ni òun yóò dìbò fún. Nínú 100 ìbò, Biden ní bí 49. Sanders tí ó tẹ̀ lé e ní 20. Kí ọjọ́ méjì tó pé, Buttigieg àti Klobuchar yọwọ́, wọ́n sì ní kí àwọn ènìyàn wọn tẹ̀ lé Biden. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, ìpínlẹ̀ 14 dìbò lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Biden gba 10. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin, Sanders náà dúró. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n dìbò yan Biden ní Ààrẹ.

Ẹni tí ó ṣe ipò karùn-ún ni o! Àwọn àgbà ti sọ ọ́: bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún.

ṢÉ ÌBÒ ÀKỌ́KỌ́ KÒ WÚLÒ NI?

A kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó wúlò, ó sì lágbára. Ní oṣù kẹta ọdún 1952, Estes Kefauver borí Ààrẹ Harry Truman ní New Hampshire. Kí oṣù náà tó parí, Truman sọ pé òun kò ní du ipò mọ́. Ṣùgbọ́n ṣé Kefauver ni ẹgbẹ́ wá fà kalẹ̀? Rárá. Adlai Stevenson ni.

Ní 1968, orúkọ Ààrẹ Lyndon Johnson kò sí lórí ìwé ìbò New Hampshire. Àwọn tí ó fẹ́ ẹ fi ọwọ́ ara wọn kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Nínú 100, ó ní bí 50. Eugene McCarthy, tí kò fẹ́ ogun Vietnam, ní 42. Johnson ni ó ṣáájú, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Síbẹ̀ McCarthy ni gbogbo ènìyàn ń bá yọ̀, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò retí pé ó lè súnmọ́ Ààrẹ tó bẹ́ẹ̀. Kí oṣù náà tó jáde, Johnson yọwọ́. Kì í ṣe iye ìbò nìkan ni ènìyàn ń wò, ohun tí wọ́n ti ń retí tẹ́lẹ̀ náà ń bẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n McCarthy pẹ̀lú kò rí ipò náà gbà. Hubert Humphrey ni ẹgbẹ́ fà kalẹ̀, Richard Nixon ti ẹgbẹ́ kejì ni ó sì di Ààrẹ.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kìíní ọdún 2008, Barack Obama borí ní Iowa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú ti ń ṣiyèméjì bóyá àwọn ènìyàn funfun lè dìbò fún ọmọ dúdú. Iowa fi hàn wọ́n pé ó ṣeé ṣe. Àwọn tí ń bi ènìyàn léèrè ṣáájú ọjọ́ ìdìbò wá sọ pé yóò tún borí ní New Hampshire. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, Hillary Clinton ni ó borí níbẹ̀. Àwọn mìíràn tún rò pé iná Obama ti kú. Òun náà ni ó di Ààrẹ.

Ẹ kíyè sí ewu tí ó wà nínú rẹ̀. Bí gbogbo ẹnu bá ti sọ pé ẹnì kan ti tán, àwọn tí ń fi owó ràn án lọ́wọ́ a fà sẹ́yìn. Bí owó bá ti tán, kò ní lè rìn dé ìpínlẹ̀ tí ó kàn. Èyí tí ó burú jù ni pé ẹni tí kò tíì dìbò lè wí pé, "Ọ̀rọ̀ ti bù ṣe, kí ni mo ń lọ ṣe níbẹ̀?" Bí ó bá jókòó sílé, àsọtẹ́lẹ̀ á ṣẹ. Kì í ṣe pé alásọtẹ́lẹ̀ mọ ọ̀la. Ẹni tí ó jókòó sílé ni ó mú un ṣẹ.

ÀWỌN TÍ WỌ́N TI LÉ KÚRÒ NÍDÌÍ ÀPÓTÍ ÌBÒ

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí à ń kọ́ ìwé lágbà. Ní South Carolina yìí kan náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n a máa gbé ìwé òfin fún ènìyàn dúdú tí ó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Wọn a ní kí ó kà á. Bí kò bá lè kà á, kí ó máa lọ. Bẹ́ẹ̀, àwọn aláṣẹ kan náà ni kò jẹ́ kí ó rí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó dára lọ nígbà èwe rẹ̀.

Ní erékùṣù Johns Island, Esau Jenkins ní bọ́ọ̀sì tí ó fi ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí ìlú Charleston. Àwọn èrò ọkọ̀ rẹ̀ fẹ́ mọ ìwé kà, kí wọ́n lè forúkọ sílẹ̀. Òun àti olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Septima Clark sapá. Ní oṣù kìíní ọdún 1957, wọ́n ṣí kíláàsì àgbà sílẹ̀. Bernice Robinson, onídìrí, ni ó kọ́ wọn. Ènìyàn 14 ni ó kọ́kọ́ wá. Wọ́n kọ́ bí a ti ń kọ orúkọ ẹni, lẹ́yìn náà wọ́n kọ́ bí a ti ń ka ìwé òfin náà. Irú kíláàsì yìí tàn ká ìhà gúúsù Amẹ́ríkà. Ní 1965, òfin ìjọba àpapọ̀ fòpin sí ìdánwò ìwé kíkà náà ní South Carolina.

Ní 2020, nígbà tí àwọn ọlọ́gbọ́n orí rédíò sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni kò tíì sọ tiwọn. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́, ó yí padà.

OHUN TÍ KÍ Á MÁA BÉÈRÈ

Nígbà tí ẹ bá tún ka irú ìròyìn yìí, ẹ fara balẹ̀. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹ kọ́kọ́ béèrè nǹkan mẹ́rin:

1. Àwọn wo ni ó dìbò yìí? Ṣé wọ́n jọ àwọn ará ìlú yòókù?
2. Mélòó ni a ti pín nínú àwọn aṣojú, mélòó ni ó kù?
3. Ta ni kò tíì dìbò?
4. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ yìí, kí ni ó rí, kí ni ó kàn rò lọ́kàn?

Ẹni tí ó bá lè béèrè ìbéèrè mẹ́rin yìí lọ́wọ́ ìwé ìròyìn ti kúrò ní ẹni tí a ń kàwé fún. Òun náà ti di òǹkàwé.

FÚN ẸGBẸ́ ÌKÀWÉ YÍN

South Carolina ní aṣojú 54 láti fi ìbò pín ní 2020. Biden gba 39, Sanders gba ìyókù. Mélòó ni Sanders gba? Ẹ ṣírò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ sọ ọ́: kí ni à bá sọ fún ẹni tí ó ní òun kò ní dìbò nítorí pé wọ́n ti sọ ẹni tí yóò borí?