Ohun tí àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé ń fi WhatsApp àti Facebook ṣe

Bí a bá rí olùtọ́jú ilé ìkàwé tó tẹjú mọ́ fóònù lẹ́nu iṣẹ́, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn ni pé eré ló ń ṣe. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ pé ìwé tí ọmọ wa ń wá kiri fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ló ń bá a béèrè lọ́wọ́ akẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní ìlú mìíràn.

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa, àti ilé kéwú pẹ̀lú, ẹnì kan ṣoṣo ló ń tọ́jú ìwé. Bí iṣẹ́ bá rú u lójú, kò sí ẹni tí yóò bi léèrè. Òótọ́ ni pé láti 1962 ni ẹgbẹ́ wọn, Nigerian Library Association, ti wà, tí wọ́n sì ń ṣe ìpàdé ọdọọdún. Ṣùgbọ́n ìṣòro kì í dúró de ìpàdé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pàdé lójoojúmọ́ lórí WhatsApp, Telegram, Facebook àti LinkedIn.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Ní 1876 ni Melvil Dewey, ará Amẹ́ríkà, gbé ètò kan jáde tó fi nọ́ḿbà pín ìwé sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. Ọ̀wọ́ 200 ni ti ẹ̀sìn. Láti 220 dé 289 ló fún ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì. 297 nìkan ni ti Ìsìláàmù. Ilé kéwú tó bá ní ìwé tàfúsírù, hádíìsì àti fíkíhì tó pọ̀, ojú kan náà ni gbogbo wọn yóò rọ́ sí, àfi bí ẹni tó ń tò wọ́n bá mọ àwọn nọ́ḿbà tí wọ́n ń tò tẹ̀ lé 297. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè fi oṣù kan jìyà. Ẹni tó bá béèrè lọ́wọ́ akẹgbẹ́ tó wà níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní èdè Lárúbáwá lè rí àwòrán pẹpẹ ìwé wọn gbà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ìwé àfọwọ́kọ àwọn àáfáà àtijọ́ ńkọ́? Láti 1964 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti dá ibùdó kan sílẹ̀ fún irú ìwé Lárúbáwá bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, òmíràn ṣì wà nínú àpótí ní ilé wa, tí ikán àti ọ̀rinrin ń bá a jà. Akẹgbẹ́ tó mọ iṣẹ́ náà ni yóò sọ fún olùtọ́jú ìwé pé kó má fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó ya, kó má sá a sóòrùn, kó sì tètè ya àwòrán rẹ̀.

Ewu náà wà ńbẹ̀. Àmánà ni orúkọ ẹni tó yá ìwé àti irú ìwé tó yá; kò gbọdọ̀ dé orí ìkànnì kankan. Òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 pàápàá dáàbò bo ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn. Bákan náà, kò tọ́ kí a máa pín odidi ìwé oníwèé káàkiri láìgba àṣẹ. Kí wọ́n sì rántí pé ojú òpó kì í ṣe ilé ìpamọ́: Yahoo Groups kógbá wọlé ní Oṣù Kejìlá 2020, ìjọba Nàìjíríà sì ti Twitter pa láti Oṣù Kẹfà 2021 di Oṣù Kìíní 2022. Ìmọ̀ràn tó bá wúlò, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ̀yin òbí, ọmọ tó wá ẹ̀kọ́ òfin tí wọ́n fún ní ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ilé ìkàwé, ẹ má jẹ́ kó máa sunkún. Ẹ ní kó tètè dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, kó béèrè ọ̀rọ̀ tó yanjú, kó dúpẹ́, kí òun náà sì máa dá ẹlòmíràn lóhùn. Ẹ̀yin alábòójútó ilé kéwú, bí ẹ bá ń ra ṣọ́ọ̀kì àti ìwé, ẹ rántí ra dátà fún ẹni tó ń tọ́jú ìwé. Irinṣẹ́ rẹ̀ ni. Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tó wúlò kẹ́ wa. Àmín.