Nọ́ńbà ìdánwò nínú èsì àyẹ̀wò Git

Nọ́ńbà ìdánwò ni nọ́ńbà tí a máa ń tẹ̀ sí iwájú èsì ìdánwò kọ̀ọ̀kan nígbà tí a bá ń yẹ sọ́fítíwíà wò. Ó wọ́pọ̀ nínú àkójọ ìdánwò tí a fi èdè shell kọ, irú èyí tí Git ní. Git ni sọ́fítíwíà ìtọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ tí Linus Torvalds dá sílẹ̀ ní ọdún 2005.

== Ìlànà TAP ==

Èsì ìdánwò Git ń tẹ̀lé ìlànà TAP, tí ó ṣẹ̀ wá láti inú àwọn ìdánwò èdè Perl, èdè tí Larry Wall gbé jáde ní ọdún 1987. Ìdánwò kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀:

 ok 1 - plain

Èyí tí ó bá kùnà yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ''not ok''. Ní ìparí, ìlà bíi ''1..43'' yóò sọ iye ìdánwò tí ó yẹ kí ó wà. Ìlà yìí ṣe pàtàkì gan-an. Bí iṣẹ́ bá dúró lójijì lẹ́yìn ìdánwò 30, ó lè jẹ́ pé ''ok'' nìkan ni yóò hàn, ṣùgbọ́n ìlà iye kò ní jáde. Èyí ni ètò alábòójútó bíi prove yóò fi mọ̀ pé èsì náà kò pé.

== Nọ́ńbà fáìlì ==

Ẹyọ nọ́ńbà mẹ́rin ni fáìlì ìdánwò Git ń ní, bíi ''t0000-basic.sh''. Ẹyọ àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí ẹbí: 4 wà fún àwọn àṣẹ tí ń fi ìyàtọ̀ hàn, 5 fún èyí tí ń fa iṣẹ́ wọlé tàbí tí ń gbé e jáde. Ó jọ ètò òpópónà Festac Town ní Amuwo-Odofin, níbi tí ẹyọ àkọ́kọ́ nínú 51 Road àti 512 Road ti ń tọ́ka sí 5th Avenue. Nípa báyìí, ''t9200.8'' túmọ̀ sí ìdánwò kẹjọ nínú fáìlì t9200.

== Òdo iwájú ==

Bí kọ̀ǹpútà bá to nọ́ńbà bí ẹni ń to lẹ́tà, 10 yóò ṣáájú 2. Nítorí náà ni a ṣe ń fi òdo ṣáájú, kí gígùn wọn lè dọ́gba. Àṣẹ ''printf '%02d' '' yóò tẹ 2 gẹ́gẹ́ bí 02. Ṣùgbọ́n nínú ìṣirò shell, nọ́ńbà tí òdo bá ṣáájú jẹ́ ti ìkà mẹ́jọ-mẹ́jọ, tí kì í lo 8 tàbí 9. ''$((010))'' yóò di 8, ''$((08))'' yóò sì fa àṣìṣe. Ó yẹ kí a fi òótọ́ nọ́ńbà ka ìdánwò láìsí òdo iwájú, kí a sì fi òdo náà kún un nígbà títẹ̀ nìkan.