Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ọ̀nà tí èèyàn fi ń di nọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, ẹ gbọ́ o. Kírẹ́díìtì 5 ló ń ṣílẹ̀kùn: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì. Ẹ má fojú di Físíìsì yẹn. Ní yunifásítì, ọdún 5 ni. Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ni níṣẹ́ yìí láti 1965.

Ìwé nìkan kọ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ á máa ti kíláàsì bọ́ sí wọ́ọ̀dù. Á tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ aláìsàn, á máa ka bí iṣan ṣe ń lù bó ṣe ń wo aago, á sì kọ ọ́ sí ṣáàtì kó tó kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ ohun tí kò kà, ẹ̀mí èèyàn ló ń fi ṣeré.

Bí wọ́n bá ṣe tán nílé ìwé, ìdánwò Council, ìyẹn àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà, ṣì ń dúró dè wọ́n. Láìsí ìwé àṣẹ, kò sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sì ń tún ìwé àṣẹ náà gbà.

Oṣù àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ máa ń le, pàápàá iṣẹ́ alẹ́. Ẹ̀yin ọ̀gá wọ́ọ̀dù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jágbe mọ́ ọmọ tuntun tó bá béèrè ìwọ̀n oògùn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ dá a lóhùn.